Kí Ló Dé Tí Awólọ́wọ̀ Fi Ní Kí Wọ́n Pín Agbára Ìjọba?

Ọ̀pọ̀ wa ló há "ìjọba àpapọ̀" sórí nítorí ìdánwò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká sọ ìdí tí Nàìjíríà fi ń ṣe irú ìjọba bẹ́ẹ̀, àjà la máa ń wò. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

ÌWÉ LÁTI INÚ Ẹ̀WỌ̀N

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Agbẹjọ́rò ni wọ́n. Ní 1947 ni ìwé wọn Path to Nigerian Freedom jáde, òmìnira sì ku ọdún 13. Ní 1963, ilé ẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní wọ́n fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni wọ́n ti kọ Thoughts on Nigerian Constitution, tó jáde ní 1966, ọdún tí ìjọba ológun dá wọn sílẹ̀.

KÍ NI WỌ́N SỌ?

Wọ́n wo oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n sì bi ara wọn pé: èdè mélòó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣé àṣà kan náà ni wọ́n ń dá? Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé tí èdè àti àṣà bá jẹ́ ọ̀kan, ìjọba kan ṣoṣo lè tó wọn. Ṣùgbọ́n tí èdè àti àṣà bá pọ̀, bíi ti Switzerland, Íńdíà tàbí Kánádà, a gbọ́dọ̀ pín agbára. Kí àárín gbùngbùn mú ohun tó kan gbogbo wa, kí apá kọ̀ọ̀kan máa tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà wa náà ní, bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Ọdún 1966 náà ni wọ́n dán òdìkejì rẹ̀ wò. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi fi Òfin 34 pa àwọn ẹkùn rẹ́ kí gbogbo àṣẹ lè wá láti ojú kan. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àríwá. Kí oṣù Keje tó parí, wọ́n ti pa Ironsi. Ìjọba Gowon ló dá àwọn ẹkùn padà.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ Ń KỌ́?

Òfin ìpìlẹ̀ 1954 fún àwọn ẹkùn lágbára, Awólọ́wọ̀ sì di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó máa fi di oṣù Kìíní 1955, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ lẹ́kùn wa. Wọn ò dúró de ẹkùn kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwa ará Ìdànrè, ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ àwọn bàbá wa wà níbẹ̀?

LÓNÌÍ Ń KỌ́?

Òfin ìpìlẹ̀ 1999 to ọ̀pọ̀ nǹkan jọ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan: ọmọ ogun, ọlọ́pàá, owó, epo rọ̀bì. Àkójọ kejì wà tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ ń ṣe. Ọjà, gáréèjì àti kíkó ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ìlà yẹn máa ń yẹ̀. Ní 2023, wọ́n tún òfin ṣe kí ìpínlẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná kó sì pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Ní 2024, Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àbójútó rẹ̀. Gbígba àṣẹ kọ́ ni gbígba iná o! Ṣùgbọ́n tí Atosin bá wà nínú òkùnkùn báyìí, Àkúrẹ́ náà ní ìbéèrè láti dáhùn, kì í ṣe Àbújá nìkan.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní, tí a bá pín agbára, olè la ń sọ di púpọ̀, gómìnà á wá di ọba kékeré. Wọn ò parọ́. Ó pẹ́ tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń há sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gba owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé kí pípín agbára má dúró sí Àkúrẹ́. Kó dé ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Òwèná. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó wà nítòsí lè jalè lóòótọ́, ṣùgbọ́n a mọ ọ́fíìsì rẹ̀, a sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá a.

Nítorí náà, tí ohun kan bá bàjẹ́ ládùúgbò, ká kọ́kọ́ bèèrè: àkójọ ta ni èyí wà? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ń pariwo sí ẹni tí kò kàn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ tiẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Àyè ṣì wà lára ògiri yìí, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi.