Ìwé Àlòkù Kì í Ṣe Ohun Tá A Fi Ń Pọ́n Àkàrà

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹ máa ń rí wọn létí títì, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n á to ìwé lé e. Ní Kùtọnu, « librairie par terre » ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ilé ìtàwé orí ilẹ̀.

Ẹni tó ń wo iṣẹ́ yìí lókèèrè lè rò pé ìjókòó lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ibi tí olùtàwé ti ń ra ọjà ló ti ń jèrè. Bí wọ́n bá gbé àpò ìwé kan dé, ó gbọ́dọ̀ ṣí i wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ojú ìwé pé? Ṣé omi ò kàn án rí? Ṣé wọ́n ṣì ń lò ó ní kíláàsì? Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì: ìwé ìṣirò tí ètò ẹ̀kọ́ ti fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ mọ́ tónítóní, kò ní rí olówó. Àmọ́ ìwé ìtàn tí àwọn olùkọ́ ń yàn fọ́mọ, irú Un piège sans fin tí Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ orílẹ̀-èdè wa, kọ ní 1960, tàbí Une si longue lettre ti Mariama Bâ, tó jáde ní 1979, ìyẹn ní oníbàárà tirẹ̀.

Ká ní ó ra ìwé kan ní 500 fráǹkì, ó sì tà á ní 800. Ẹ má tíì pe 300 yẹn ní èrè. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ààyè wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó fi lẹ èèpo ìwé náà wà níbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé, lowó ń wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà á dákẹ́. Ẹni tó bá jẹ owó oṣù kẹsàn-án tán kò ní rówó ra ìwé nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé, ìgbà yẹn gan-an sì nìwé pọ̀. Òjò àrọ̀kúrò tún ń bọ̀ lásìkò ìwọlé: òjò kan ṣoṣo lè ba owó ọdún kan jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá ńlá kì í fi í jìnnà sí wọn, tí wọ́n sì ń gbé ìwé lé pákó nítorí ikán.

Ìlera ńkọ́? Eruku ìwé tó ti bu ń mú èèyàn sín, ó ń mú un húkọ́, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ gbọn ìwé níta. Ẹ má fi itọ́ sí ìka láti ṣí i. Ẹ fọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá sì ń fi káńfọ̀ lé kòkòrò, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé, kó má fi pe súùtì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá olùtàwé du ìwé jù lọ ni alákàrà. Ọmọ á parí kíláàsì tán, ìyá rẹ̀ á kó ìwé rẹ̀ lọ fún un. Ìwé tí ọmọ mìíràn ì bá fi ka odindi ọdún kan, àárọ̀ ọjọ́ kan la fi jẹ ẹ́ tán. Òróró gbígbóná tún ń yọ tàdáwà lára ìwé sínú àkàrà, tàdáwà kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ẹ̀yin alákàrà wa, ewé ṣì wà. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ gbé abọ́ dání.

Nítorí náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti padé, ẹ nu ìwé ọmọ yín, ẹ ká ojú ìwé rẹ̀ tó dẹ́gùn-ún padà, kẹ́ ẹ gbé e tọ olùtàwé lọ. Ẹ lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ ti kíláàsì tó kàn. Ẹni tó fẹ́ rà, kó gba orúkọ ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ ná, kó sì ka ojú ìwé títí dé ẹ̀yìn kó tó sanwó.