Owó dọ́là kí ìwádìí tó jáde: Bí àwọn fásitì Èkìtì ṣe lè jọ gbé ẹrù náà

Bí olùkọ́ fásitì kan ní Adó-Èkìtì bá parí ìwádìí lórí ibà tàbí lórí ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ ò tíì tán. Ó gbọ́dọ̀ gbé e jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jọ́nà, torí òun ni wọ́n máa kà fún un tí àsìkò ìgbéga bá dé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ jọ́nà tó lórúkọ lágbàáyé ló máa ń ní kó sanwó kí iṣẹ́ náà tó jáde, dọ́là ni wọ́n sì máa ń gbà.

Kí ni owó yìí wà fún?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ ka jọ́nà ló ń sanwó. Láìbìrì fásitì ló máa ń san án lọ́dọọdún, èyí tí kò bá lówó kò ní rí i kà. Lọ́dún 2002 ni àwọn onímọ̀ gbé ìkéde Budapest jáde, pé ó yẹ kí gbogbo ayé lè ka ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ náà dáa, àmọ́ àyẹ̀wò, àtúntò àti ìtọ́jú ìwé ń náni lówó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ atẹ̀wé bá yí ẹrù náà padà: òǹkàwé ò sanwó mọ́, òǹkọ̀wé ló ń san. Orúkọ òyìnbó tí owó náà ń jẹ́ ni wọ́n gé kúrú sí APC. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú o.

Èló ni?

Jọ́nà Nature kéde nígbẹ̀yìn ọdún 2020 pé òun máa gba 9,500 yúrò lórí ìwé kan. Ọ̀pọ̀ jọ́nà mìíràn ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ká mú èyí tó ń gba 2,000 dọ́là. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn 70,000 náírà tó di òfin lọ́dún 2024, máa ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta àbọ̀ lọ láìná kọ́bọ̀ kó tó kó o jọ. Kí náírà tó já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bíi 460 náírà lọ́jà ìjọba, owó kan náà ò tó mílíọ̀nù kan.

Owó nìkan kọ́ ni wàhálà. Lọ́dún 2022, àwọn báńkì dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tó yá àwọn kan tiẹ̀ dá a dúró. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ pàápàá lè má rí ọ̀nà san án.

Ṣé wọn kì í dín in kù fún Nàìjíríà?

Àwọn atẹ̀wé máa ń yọ̀ǹda owó fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Àmọ́ Báńkì Àgbáyé ò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn tó tálákà jù, ìpele tó tẹ̀ lé e ló wà. Ìlànà BioMed Central fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé orílẹ̀-èdè tó wà ní ìpele yìí á rí ẹ̀dínwó gbà bí gbogbo ọrọ̀ ajé rẹ̀ ò bá tó 200 bílíọ̀nù dọ́là. Ti Nàìjíríà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wo bí ilé ṣe tóbi, wọn ò wo iye ẹnu tó ń jẹun nínú rẹ̀. Olùkọ́ ní Gánà rí ẹ̀dínwó gbà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ékìtì ò rí.

Ibẹ̀ ni àwọn jọ́nà gbájúẹ̀ ti ń rí àyè. Wọ́n á gba owó kékeré, wọn ò ní yẹ iṣẹ́ wò, ìwé á jáde láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí onímọ̀ gidi tó máa kà á sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tó ń jẹ́ Jisc ló ń bá àwọn atẹ̀wé dúnàádúrà lórúkọ àwọn fásitì. Lọ́dún 2022, ó bá Elsevier ṣe àdéhùn tó da owó kíkà àti owó ìtẹ̀jáde pọ̀. Jámánì ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Wiley lọ́dún 2019. Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan. Ní South Africa, SANLiC tó ń ṣojú àwọn láìbìrì fásitì ti ní àdéhùn pẹ̀lú oríṣiríṣi atẹ̀wé, tí olùkọ́ ò fi ní mú káàdì tirẹ̀ jáde fún àwọn jọ́nà tó wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe lè rí l'Ékìtì

Àáró ni, kò ṣàjèjì sí Yorùbá. EKSU wà lójú ọ̀nà Ìwòròkò. ABUAD àti Federal Poly wà lójú ọ̀nà Ìjàn. BOUESTI wà ní Ìkẹ́rẹ́, FUOYE wà ní Ọ̀yẹ́. Wọn ò jìnnà síra wọn, síbẹ̀ bí olùkọ́ kan láti ọ̀dọ̀ kálukú bá kọ̀wé sí atẹ̀wé kan náà, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló máa dá bẹ̀bẹ̀. Ká ní wọ́n ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n jọ ń lò, iṣẹ́ mẹ́rin ló máa ṣe:

- Á máa dúnàádúrà. Ẹni tó ń mú ọgbọ̀n ìwé wá lọ́dún lẹ́nu ọ̀rọ̀ ju ẹni tó mú ẹyọ kan wá.
- Á yẹ jọ́nà wò kí owó tó jáde, kó má bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀.
- Á san gbogbo rẹ̀ láti inú àkáǹtì dọ́là kan.
- Á kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kọ ìwé, ilé ẹ̀kọ́ wo, èló ni wọ́n san.

Ibi tó ti lè dìjà

Ta ló máa san ti ìwé tí olùkọ́ EKSU àti ti ABUAD bá jọ kọ? Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ ẹni tó ń bá atẹ̀wé sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn yòókù ló sábà máa ń san. Owó TETFund náà tún wà ńbẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni òfin ọdún 2011 yọ̀ǹda rẹ̀ fún, kò ṣeé fi san ti ABUAD tó jẹ́ aládàáni. Torí náà, ọ́fíìsì lè jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ ìṣirò gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá tẹ ìwé mẹ́wàá á san ti mẹ́wàá, ẹni tó tẹ méjì á san ti méjì.

Ewu kan tún wà. Bí atẹ̀wé bá ti mọ̀ pé àpò kan wà tó ń sanwó, ó lè máa fowó lé e lọ́dọọdún. Olùkọ́ tí kò fojú rí iye tí wọ́n san ò ní bìkítà bó wọ́n. Ọ́fíìsì náà gbọ́dọ̀ ní gbèdéke tí kò ní kọjá.

Kí ni olùkọ́ lè ṣe báyìí?

- Kó wo DOAJ, àkójọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jọ́nà tó wà níbẹ̀ kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.
- Kó wo AJOL, tó ti ń gbé jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998. Ti Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀.
- Kó tọrọ ìyọ̀ǹda owó kó tó fi ìwé ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ wọlé.
- Kó bi láìbìrì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá ó lè tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà sórí ìkànnì wọn. Ọ̀pọ̀ jọ́nà fàyè gba èyí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀.