Ọ̀kadà Bàbá Mi Ń Rú Èéfín

Honda CG125 tí bàbá mi fi ń ná ọjà Agbówà ń rú èéfín aláwọ̀ aró: ọ́ìlì ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì ní inú sílíńdà ti jẹ. Ká gbẹ́ ẹ fẹ̀, ká fi písítìnì tó tóbi ju 56.5 mm ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Ìwọ̀n mẹ́rin ló wà: àfikún 0.25, 0.50, 0.75 àti 1 mm.

Mo ní ká kúkú lọ sí 1 mm, kó lè sáré. Ó rẹ́rìn-ín. Nǹkan bí 4 cc péré ni yóò fi kún 124 cc. Tó bá sì tún jẹ, kò sí písítìnì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

A mú 0.25. Èéfín dá. Ìgbà mẹ́ta ṣì kù fún bàbá mi.