Obì Wa ní Etí Adágún Geneva

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí àbúrò mi tó ń gbé ní ilẹ̀ Switzerland ní kí n wá fojú kan òun àti àwọn ọmọ, òkè oníyìnyín tí a máa ń rí nínú àwòrán ni mo ní lọ́kàn láti rí, àti adágún omi ńlá tí ìlú Geneva jókòó sí létí. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀rọ̀ obì ni n óò lọ bá níbẹ̀, obì tí a fi ń ki ìlú tí wọ́n ti bí mi, Ìkìrun Agúnbẹ́ onílé obì.

Ọgbà ìmọ̀ ewéko ìlú Geneva wà láàárín adágún náà àti ilé ràgàjì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe ibùjókòó. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀ yóò rí àwọn arúgbó tó ń yáàrùn lórí bẹ́ńṣì, yóò rí àwọn abiyamọ tó ń ti ọmọ kiri nínú kẹ̀kẹ́, yóò sì rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Augustin Pyramus de Candolle, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀ràn tó kọ́ ayé bí a ti ń to ewéko ní ẹbí-ẹbí, ló dá ọgbà náà sílẹ̀ ní 1817, ìgbà tó sì di 1904 ni wọ́n gbé e kúrò láàárín ìlú wá sí etí omi tó wà títí dòní.

Ipò etí omi yìí ní ìdí. Bí ènìyàn bá lọ sí odò Ọ̀tìn lọ́dọ̀ wa nílé ní kùtùkùtù nígbà ọyẹ́, iyanrìn etí odò á máa ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, yóò rí i pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí omi kì í tètè gbóná, bó bá sì ti gbóná tán, kì í tètè tutù. Adágún Geneva fẹ̀ tó nǹkan bíi 580 kìlómítà níbùú lóròó, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì tó 310 mítà. Gbogbo oòrùn tó bá pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ó ń tọ́jú pamọ́, tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù, débi pé òtútù tó ń pa igi lórí òkè kì í lè fi gbogbo agbára rẹ̀ bá igi etí omi jà. Àwọn àgbẹ̀ ọlọ́tí èso àjàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà mọ èyí láti ọdún gbọ́nhan.

Ṣùgbọ́n igi tiwa kò lè gba bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìyá tó lè fi ọwọ́ tútù tọ́ ọmọ tó mọ oòrùn. Ilé onígíláàsì ni wọ́n kọ́ fún wọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú gíláàsì wọlé, ó ń mú ilẹ̀ àti ewé gbóná, ooru tó bá sì jáde lára wọn kò rí ọ̀nà lọ. Nígbà òtútù, wọn a tún fi ẹ̀rọ bù kún un. Bí a ti ṣílẹ̀kùn, ooru náà gbá wa lójú bí ìgbà tí a bá ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀, ọmọ àbúrò mi sì yára bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni ó dúró, ó ka pátákó kékeré tó wà nídìí rẹ̀: orúkọ lédè Látìn, orúkọ ẹbí, àti ilẹ̀ Éṣíà tó ti wá (nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bó ti wọ̀ wá lára tó yẹn, àlejò tó di onílé ni lọ́dọ̀ wa). Ó yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá àgbà, kí ni Yorùbá ń pè é?” Mo dá a lóhùn. Ó ní, “Kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀?”

Ìbéèrè ọmọdé yìí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ igi wa lórúkọ nínú ìwé, ilé tiwọn ni wọ́n wò. Igi irú, tí àwọn obìnrin Òkukù lágbègbè wa ń se, tí wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba àdúgbò, Parkia ni wọ́n ń pè é, láti rántí Mungo Park, aláwọ̀ funfun tó bá odò Ọya lọ ní Bussa ní 1806. Akòko, tó jẹ́ pé bí ewé rẹ̀ kò bá kan orí, oyè kò tíì jẹ, Newbouldia ni, láti inú orúkọ onímọ̀ ewéko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣin, Blighia ni, nítorí ọ̀gágun ojú omi Bligh tó gbé e láti Jàmáíkà lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1793. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni ó ti dé Jàmáíkà, ní ayé òwò ẹrú. Gbogbo ọmọ tó dàgbà lábẹ́ igi iṣin ni a ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ jẹ èyí tí kò bá fúnra rẹ̀ lanu. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá rí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà: oró kan wà nínú iṣin tí kò pọ́n, tí kì í jẹ́ kí ara lè lo ọ̀rá tó fi pamọ́, débi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ẹni náà sì lè kú. Àwọn ìyá wa kò rí oró náà nínú ìgò, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òfin de ẹnu ọmọ.

Ọ̀rọ̀ obì ló wá mú mi dúró. Ní 1786, Palisot de Beauvois, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé Oware, èyí tí í ṣe ilẹ̀ Warri, ó sì dé Ìbíní. Àìsàn bá a jà gidigidi, kò sì pé ọdún mẹ́ta tó fi kúrò níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ ló ṣègbé, ṣùgbọ́n nínú èyí tó kù ló ti kọ ìwé ńlá kan lórí ewéko Oware àti Ìbíní, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1804. Nínú ìwé náà ni ó ti júwe obì àbàtà, tó sì pe ìran rẹ̀ ní acuminata, nítorí ṣóńṣó ẹnu ewé rẹ̀. Òun náà ló sọ òrúrù lórúkọ, igi olódòdó pupa tí a máa ń já ìrùdí rẹ̀ lọ́mọdé, tí a ó tẹ̀ ẹ́, tí omi inú rẹ̀ yóò tú jáde ṣàà sí ẹ̀gbẹ́ wa lójú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àkójọ ewé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olówó kan ní Paris, Benjamin Delessert. Nígbà tó di 1869, àwọn ẹbí Delessert fi gbogbo àkójọ tirẹ̀ ta ìlú Geneva lọ́rẹ. Báyìí ni ewé tí wọ́n já ní àgbègbè wa nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró ṣe wà ní etí adágún yìí.

Àwọn olùgbafẹ́ kì í dé ibi tí wọ́n kó o sí. Ilé àkójọ ewé gbígbẹ ni, nǹkan bíi 6,000,000 ló wà níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé. Iṣẹ́ náà kò le lójú. Wọn a já ẹ̀ka kékeré tòun ti ewé àti òdòdó, wọn a tẹ́ ẹ sáàárín bébà ìròyìn, wọn a fi pákó méjì há a, wọn a máa pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, nítorí bí ọ̀rinrin bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, èbu ni yóò bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun, wọn a kọ ẹni tó já a, ọjọ́, ibi tí igi náà ti hù, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ kó tó ṣá. Ewé tí a fi sọ igi lórúkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́rìí. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn igba ọdún pé igi báyìí ni tàbí òun kọ́, iwájú ewé náà ni a ó padà sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ South Africa tọ́jú ìwé orúkọ ewéko gbogbo Áfíríkà, tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

N kò bá wọn jà. Ẹni tó tọ́jú nǹkan fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé yẹ kí a kí i. Ohun tó dùn mí ni pé tiwa wà lẹ́nu, ẹnu sì ń kú. Oríkì tí àwọn obìnrin Òkukù ń kì, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, ló jókòó tì wọ́n, tó gbọ́, tó sì ṣe é níwèé ní 1991. Oògùn àti ewé, Pierre Verger ọmọ Faransé ló kó wọn jọ sínú ìwé ní 1995. Kì í ṣe pé ọgbà kò sí rí: ìjọba Èkó dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní 1887, àkójọ ewé gbígbẹ àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn sì ju 100,000 lọ, ohun ìyangàn tí ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Adágún tiwa náà ń bẹ. Ní Ẹ̀kọ́-Ẹ̀ndẹ́, wọ́n sé Ọ̀tìn, omi náà sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́bàá Ìkìrun. A ń sọ pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n Ọ̀tìn yìí ló gbé àwọn jagunjagun mì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1878, tí ogun náà fi ń jẹ́ Jálumi. Létí omi tó ní ìtàn tó bẹ́ẹ̀, bí a bá gbin obì, iṣin, akòko, irú, òrúrù àti ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí a kọ orúkọ Yorùbá sókè, tí Látìn sì tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, kò ní ná wa ní owó ilé onígíláàsì rárá, nítorí oòrùn tí àwọn ń fi ẹ̀rọ wá, àwa ni a bí i mọ́.

Nígbà tí mo padà délé, mo lọ sọ́jà Ìnísà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń mú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn rẹ̀ kó tó dárúkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń bi ewé náà léèrè. Ó ní, “Ṣé ìlú òyìnbó lo fẹ́ kó wọn lọ?” Mo ní, “Rárá o, Ìyá, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọn yóò wà.” Ó ní, “Kọ ọ́ kó tóbi, kí arúgbó lè rí i kà.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkukù, mo tẹ́ ẹ̀ka akòko kan sáàárín bébà ìròyìn, mo sì gbé ọlọ lé e lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bébà náà ti tutù, mo pààrọ̀ rẹ̀.