Àwọn Àrùn Tó Ń Ràn ní Ìwó àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà

Bí ara bá gbóná lásìkò òjò ní Ìwó, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé oòrùn ti pa onítọ̀hún jù. Oòrùn lè mú kí orí fọ́ni, kò lè fa ibà. Abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé kòkòrò ibà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn lóru. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15 lẹ́yìn tó bá jẹni kí ara tó gbóná, kí òtútù tó mú ni, kí oríkèé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ẹ̀fọn inú gọ́tà ń dààmú ẹni lóòótọ́, àmọ́ omi tó dúró, tó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń pa, ni Anopheles fẹ́ràn láti yé sí: ipa táyà mọ́tò, ojú ẹsẹ̀ màlúù, kòtò tí àwọn tó ń mọ bíríkì gbẹ́. Ẹni tó kó gọ́tà tó fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun yàtọ̀ sí ibà ẹ̀fọn, bí a tilẹ̀ máa ń pe orúkọ wọn pọ̀. Ẹnu ló ń gbà wọlé, láti inú oúnjẹ tàbí omi tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn.

Ọ̀nà ẹnu yìí náà ni onígbáméjì ń tọ̀, òun ló sì yẹ kó máa bà wá lẹ́rù jù. Oṣù Kejìlá ọdún 1970 ló kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, lẹ́bàá Èkó. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, kì í dúró. Èébì á tẹ̀ lé e, ojú á jìn wọnú, ó sì lè pa ẹni tó jí koko láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kànga àti ṣáláńgá tó jọ wà lẹ́yìnkùlé kan náà ní àwọn agboolé wa ń kọ mí lóminú nígbàkígbà tí òjò bá pọ̀. Ó yẹ kí àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe mọ́, ẹ se omi náà kó hó kí ẹ tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìpotíì 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí náà mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kí aláìsàn máa mu ún bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ èéyi lára ọmọdé. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn, ojú á pọ́n, ara á wá sú láti ojú lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kó tó sú ló ti ń ràn. Oṣù 9 àti oṣù 15 ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Àpólò, àrùn ojú tó bẹ́ sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1969 nígbà tí Apollo 11 lọ sínú òṣùpá, kì í ràn nípa wíwo ojú ẹni. Ọwọ́, táwẹ́ẹ̀lì àti ìrọ̀rí ló ń gbé e. Ọṣẹ ló ń dí i lọ́nà, kì í ṣe awò dúdú.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà kì í ti ara abọ́ ràn. Afẹ́fẹ́ tí oníkọ́ ń mí jáde nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa dé ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe ya abọ́ sọ́tọ̀ fún un, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹni tó bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ìjọba: ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù 6 sì ni wọ́n sábà máa ń lò ó.