Láti Ara Mọ́tò Àlòkù sí Ẹ̀rọ Amúnáwá Onáfẹ́fẹ́: Ohun tí Olùkọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Lè Fi Kọ́ni ní Badarawa, Kaduna

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ kì í yéé bi wá nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀: ṣé ènìyàn lè mú mọ́tò àlòkù, kí ó fi apá sí i, kí afẹ́fẹ́ máa yí i, kí ó sì máa fúnni ní iná? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ wọn fi owó ṣòfò, nítorí pé mọ́tò tí wọ́n rà kì í ṣe èyí tó lè ṣe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe mọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Mọ́tò tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o. Èyí tó ń yí fáànù, tó ń lọ ata, tó ń fa omi láti inú kànga ni.

Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Badarawa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ìlà ńlá tó ń gbé iná lọ sí Àríwá dáṣẹ́ sílẹ̀, apá tó pọ̀ ní ilẹ̀ Àríwá, Kaduna pẹ̀lú, sì wà nínú òkùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni Kaduna jẹ́ ìlú tí mọ́tò àlòkù kò wọ́n. Ìlú aṣọ híhun ni nígbà kan: Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé e, títí di 2007 tí United Nigerian Textiles náà ti ilẹ̀kùn. Mọ́tò ló ń yí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi pọ́ńpù omi, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fáànù tó ń jóná lójoojúmọ́ kún un, ẹ ó rí i pé ẹni tó bá lọ sí Panteka kò ní ṣàìrí mọ́tò rà. Ṣùgbọ́n kí ó tètè lọ, torí pé àwọn tó ń tú mọ́tò láti ta bàbà inú rẹ̀ níwọ̀n kílò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Òòfà inú mọ́tò

Ní 1831 ni Michael Faraday fi hàn pé bí òòfà bá ń kọjá lára wáyà bàbà, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Òòfà àti wáyà bàbà náà sì ni mọ́tò. Fi iná sí i, yóò yí. Yí i, yóò mú iná jáde. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Vienna ní 1873, wọ́n so ẹ̀rọ Gramme méjì pọ̀ mọ́ ara wọn níwájú èrò: ọ̀kan ń mú iná jáde, èkejì ń gba iná náà, ó sì ń yí. Gbogbo wa la ń kọ́ èyí ní kíláàsì. Ibi tí a kì í sábà dé ni ìbéèrè tó tẹ̀lé e: níbo ni òòfà inú mọ́tò yìí ti ń rí agbára rẹ̀?

Nínú irú mọ́tò kan, òòfà gidi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, kò sì ní ṣíwọ́ jíjẹ́ òòfà bí iná tilẹ̀ lọ. Nínú irú kejì, kò sí òòfà kankan. Iná tí a ń gbà láti ìta ló ń sọ irin inú rẹ̀ di òòfà. Bí iná bá ti lọ, irin lásán ló kù. Ẹ fi ọwọ́ yí irú kejì yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní tan gílóòbù tó kéré jù.

Ìṣòro wa ni pé irú kejì yìí ló pọ̀ jù lọ. Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta, ti pọ́ńpù omi, ti fáànù tó ń lo iná ìjọba, àti àwọn mọ́tò ńláńlá inú ilé-iṣẹ́ aṣọ, irú kejì ni gbogbo wọn sábà máa ń jẹ́. Bí mọ́tò ṣe tóbi tó, tó sì wúwo tó, ló ṣe ń wu akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń ṣì í lọ́nà. Lóòótọ́, a lè fi kàpásítọ̀ jí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kí ó máa mú iná jáde. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti 1935. Ṣùgbọ́n bí ìwé irin ara rẹ̀ bá sọ pé ó ń yí po ní ìgbà 1440 ní ìṣẹ́jú kan, a ní láti yí i tó bí 1500 kí ó tó jí dáadáa. Apá onáfẹ́fẹ́ tí a fi ọwọ́ ṣe nílé kì í sábà ju ìgbà 200 sí 400 lọ nínú afẹ́fẹ́ tiwa. Ẹ ó wá nílò bẹ́líìtì tàbí eyín irin láti mú ìyípo náà pọ̀ sí i, àwọn náà yóò sì jẹ nínú ìwọ̀nba agbára tí afẹ́fẹ́ mú wá. Èmi a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní odò tó ń ṣàn wìtìwìtì lẹ́yìn ilé.

Alternator inú ọkọ̀ náà máa ń tan ni jẹ. Jẹnẹrétọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná díẹ̀ láti inú bátìrì kí ó tó ṣiṣẹ́, eré tí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ sì ń sá ni wọ́n ṣe é fún. Nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò máa mu iná bátìrì dípò kí ó fi kún un. Mọ́tò bílẹ́ńdà náà kò ní òòfà, bó tilẹ̀ ń yí kíkankíkan.

Àwọn wo ló wá yẹ? Mọ́tò inú ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń sáré lójú kan nínú ilé wà lára àwọn tó dára jù, nítorí òòfà gidi ló sábà wà nínú rẹ̀. Fáànù àjà oníbátìrì fólítì 12, èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú sólà, tún dára: lọ́pọ̀ ìgbà, pátákó kékeré tó ń darí rẹ̀ ló ń jóná, òòfà àti wáyà inú rẹ̀ a sì wà láìfarapa. Ẹ yọ pátákó náà kúrò, ẹ ó bá wáyà mẹ́ta. Ẹ so wọ́n mọ́ dáyódù mẹ́fà, iná tó lè wọ bátìrì yóò jáde. Mọ́tò kékeré inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ kò lè gba bátìrì ńlá, ṣùgbọ́n fún ìfihàn ní kíláàsì, n kò mọ ohun tó dára tó o: ẹ fi ìka yí i, gílóòbù LED yóò tàn lójú gbogbo ọmọ.

Ọ̀nà kan wà láti dá òòfà mọ̀ níwájú ẹni tó ń tajà, kò sì gba mítà. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá mọ́tò náà kí ẹ mọ bó ṣe fúyẹ́ tó. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn wáyà rẹ̀ kan ara wọn, kí ẹ tún un yí. Bí òòfà bá wà níbẹ̀, ọ̀pá náà yóò le lọ́wọ́ yín, bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ dá a padà.

Ìṣirò kan ṣoṣo

Òòfà nìkan kò tó. Ìbéèrè kejì ni pé fólítì mélòó ni mọ́tò náà ń mú jáde fún ìyípo kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú. Ìwé irin ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán: ẹ fi iye ìyípo pín iye fólítì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kan tí apá rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.5 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, nínú afẹ́fẹ́ tó ń sáré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá tí a gbẹ́ dáadáa, ṣóńṣó rẹ̀ máa ń sáré tó ìlọ́po 5 afẹ́fẹ́, ìyẹn mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá. Yíyípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ mítà 4.7, nítorí náà yóò yí po ní nǹkan bí ìgbà 255 ní ìṣẹ́jú kan. Bátìrì fólítì 12 kò ní gba iná títí fólítì tó ń bọ̀ yóò fi ga ju tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 14.

Mọ́tò àkọ́kọ́: fólítì 24, ìyípo 1500. Tí a bá pín in, ó jẹ́ 0.016. Ní ìyípo 255, fólítì 4 péré ni yóò mú wá. Bátìrì kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mọ́tò kejì: fólítì 90, ìyípo 1500. Ó jẹ́ 0.06, ní ìyípo 255, fólítì 15 ni. Èyí yóò ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lórí tábìlì ọlọ́jà. Bí ìwé irin bá ti pa rẹ́, ẹ fi ẹ̀rọ ìlulẹ̀ tí ẹ mọ iye ìyípo rẹ̀ yí ọ̀pá mọ́tò náà, kí mítà wà lẹ́nu wáyà rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni yóò jáde.

Ìṣirò yìí náà ló ṣàlàyé ohun tí William Kamkwamba ṣe ní Málàwì ní 2002. Ọmọ ọdún 14 ni, ìyàn ti lé e kúrò nílé-ìwé, ìwé kan nínú ilé-ìkàwé kékeré ló sì fi kọ́ ara rẹ̀. Dínámò kẹ̀kẹ́ ló lò. Òòfà wà nínú dínámò, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìyípo tó yára. Kamkwamba kò so apá mọ́ ọn tààrà: ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí orí kékeré dínámò máa fara kan táyà bí ó ti máa ń ṣe lára kẹ̀kẹ́. Bí ẹsẹ̀ ńlá náà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, orí dínámò á ti yí po lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ó fi sọ̀rọ̀ ní Arusha ní 2007, gbogbo ènìyàn ń yìn ín fún ìgboyà, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa wò.

Afẹ́fẹ́ Badarawa

Agbára inú afẹ́fẹ́ ń tẹ̀lé eré rẹ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu: bí eré náà bá di ìlọ́po 2, agbára yóò di ìlọ́po 8. Bí ó bá sì dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú 8 ló kù. Ẹ̀rọ mítà 1.5 tí mo mẹ́nu kàn yìí, wáàtì 62 ni afẹ́fẹ́ mítà 4 ń gbé kọjá lára rẹ̀. Albert Betz ti fi hàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà ju ìdá 59 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí a fi ọwọ́ ṣe nílé, bí ó bá gba ìdá 25, ó gbìyànjú: wáàtì 15 nìyẹn. Gílóòbù LED méjì àti fóònù kan. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ dé mítà 3, ó di wáàtì 6.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Kaduna ń fẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé Badarawa sún mọ́ra, ògiri àti òrùlé sì máa ń dàrú mọ́ afẹ́fẹ́ lójú, tí yóò fi máa fẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ga ju ohunkóhun tó yí i ká lọ ní bí mítà 9 kí ó tó rí afẹ́fẹ́ tó mọ́. Òpó tó ga tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú okùn irin tí yóò dì í mú, ń gba ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbàlá kò ní. Nítorí náà, bí òbí kan bá bi mí pé iná ilé lòun ń wá, pánẹ́ẹ̀lì sólà ni mo máa ní kí ó rà. Kì í yí, kì í já, oòrùn Kaduna kì í sì í jáni kulẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé gan-an ni àyè ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a fi ọwọ́ ṣe, níbi tí pápá ìṣeré wà, tí olùkọ́ sì wà nítòsí.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Bí wáyà bá já nígbà tí ìjì ń jà, kò sí ohun tí yóò dá apá náà dúró. Nínú afẹ́fẹ́ mítà 12, ṣóńṣó rẹ̀ lè sáré ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Páìpù PVC tó fọ́ ní irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe páìpù mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ òpó ní ibi tí ènìyàn ti lè yọ bátìrì kúrò, kí ó sì so àwọn wáyà mọ́tò pọ̀ láti fi dá a dúró, kí ìjì tó dé. Ìdánwò ọjà tí mo sọ lókè náà ló di bíréèkì yìí. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu bátìrì. Bákan náà ni dáyódù, torí pé láìsí i, bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, bátìrì yóò sọ ẹ̀rọ náà di fáànù, yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí ojú ọ̀run títí iná rẹ̀ yóò fi tán. Mo gbà pé kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí han àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò ní gbàgbé iṣẹ́ dáyódù mọ́.

Ní kíláàsì

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ni pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí apá àti òpó. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba mọ́tò àlòkù mẹ́ta, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n: èwo ló ní òòfà, fólítì mélòó ni ìyípo 255 yóò mú wá? Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yí i, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì tú u. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún èyí, mítà kan ṣoṣo sì tó fún gbogbo kíláàsì. Ẹgbẹ́ tí mọ́tò rẹ̀ bá yẹ lè lọ gbẹ́ apá. Ẹgbẹ́ tó bá dá gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, tó sì fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ó gba máàkì kan náà pẹ̀lú àwọn tí iná wọn tàn.