Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Yí Po Bí Ẹran Orí Èèkàn

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní ordinateur. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín nítorí pé ẹ kò ní ọ̀kan nílé. Ṣé ẹ ti ṣe fọ́tókọ́pì rí ní ọjà Arzèkè? Ṣé ẹnì kan ti bá yín tẹ lẹ́tà rí? Ṣé orúkọ ẹgbẹ́ yín àti iye owó tí ẹ dá wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ìyá kan wà tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí, ní abúlé kan lọ́nà Tchaourou. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ìyá yìí á wọ ọkọ̀ wá sí Parakou. Á gba inú ọjà Arzèkè lọ sí ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn ará ọjà. Ìyá á máa ka orúkọ àti iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá, ọmọkùnrin náà á máa tẹ̀ ẹ́. Ọdún 3 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ku ọjọ́ 8 kí ẹgbẹ́ pín owó, ìyá dé ìsọ̀, ó bá ọmọkùnrin náà tí ó káwọ́ lérí.

“Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Iná lọ lánàá nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà kò ti jí dáadáa. Ó ń sọ pé òun ń tún ara òun ṣe. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, á kú. Á tún jí, á tún sọ ohun kan náà.”

“Ọmọ mi, ìwé owó ẹgbẹ́ ńkọ́?”

“Inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, Ìyá.”

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá yìí, kí ni ẹ ó ṣe?

KÍ NI Ó Ń ṢE KỌ̀ǸPÚTÀ NÁÀ?

Ẹ wo bí ọjà ṣe ń ṣí ní àárọ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ọjà ni ó kọ́kọ́ ń dìde. Á wò yíká, á ṣí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni onísọ̀ á mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á ṣí ìsọ̀, á kó ẹrù síta. Ìgbà yìí ni oníbàárà tó lè ra nǹkan.

Bákan náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ètò kékeré kan tí ó wà lára rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dìde. Ètò yìí á wò ó bóyá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, á lọ sí inú dísíìkì. Dísíìkì ni àká kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni a ń kó gbogbo ìwé àti àwòrán pamọ́ sí. Inú àká yìí kan náà ni ètò ńlá tí ń darí kọ̀ǹpútà wà. Ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ ni Windows, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ṣe. Bí Windows bá dìde tán, ẹ ó rí àwọn ìwé yín lójú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára Windows, kò ní lè dìde. Bí ó bá gbìyànjú bíi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò ṣeé ṣe, alátùn-únṣe kan tí ó wà nínú rẹ̀ á jí. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé «Réparation automatique». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà mìíràn, àtúnṣe náà á jẹ́. Nígbà mìíràn, kò ní jẹ́. Bí kò bá jẹ́, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún jí. Windows á tún kọ̀. Alátùn-únṣe á tún dé. Ẹran tí a so mọ́ èèkàn a máa rìn láti àárọ̀ dé alẹ́, síbẹ̀ ojú kan náà ni ó wà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: ìwé yín kì í sábà sọnù nítorí èyí. Kọ́kọ́rọ́ ni ó kán sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹrù ṣì wà nínú ìsọ̀.

KÍ NI Ó Ń FÀ Á?

Iná tí ó lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú dísíìkì lè fà á. Bí a bá fi agbára pa á nígbà tí ó ń gba àtúnṣe tuntun, ìyẹn náà lè fà á. Dísíìkì tí ó ti gbó lè fà á. Ooru àti eruku ọyẹ́ tí ó dí ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń mí a máa ba ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ CrowdStrike fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣọ́. Àṣìṣe wà nínú fáìlì náà. Microsoft fojú bù ú pé kọ̀ǹpútà bíi 8,500,000 ni ó kú káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra. Iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé ìwòsàn àti báńkì kan. Báwo ni wọ́n ṣe tún un ṣe? Àwọn oníṣẹ́ ní láti jókòó ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jí i ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́, wọ́n sì pa fáìlì tí ó bàjẹ́ náà rẹ́. Ọ̀nà pẹ̀lẹ́ yẹn wà lára ohun tí a fẹ́ kọ́ yín.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ lè rí ohun tí ó jọ 0xc0000225. Ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹni tí kò mọ̀wé á sọ fún oníṣẹ́ pé, “Ó kọ nǹkan kan síbẹ̀.” Ẹ̀yin ti mọ̀wé. Ohun tí ẹ kọ ni yóò fi ọ̀nà han oníṣẹ́.

2. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ka ení, èjì, títí dé 15. Yóò kú pátápátá. Ẹ yọ gbogbo ohun tí a kì bọ̀ ọ́ lára: clé USB, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ohun gbogbo bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà a máa ṣi clé USB mú fún àká rẹ̀ nígbà mìíràn, á máa wá Windows níbi tí kò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un tàn.

3. Bí ẹ bá gbọ́ tí inú rẹ̀ ń dún kọ́, kọ́, kọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tàn án mọ́. Dísíìkì náà ni ó ń kú lọ. Ẹ gbé e tọ oníṣẹ́ lọ kí ó lè yọ ìwé yín kí ó tó kú tán.

4. Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣe àtúnṣe rẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan, kódà bí ó bá gba wákàtí kan. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa yí po mọ́.

5. Ẹ gbìyànjú láti jí i ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Faransé ń pè é ní «mode sans échec». Windows á dìde pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí kò lè ṣe aláìní, bí aláìsàn tí ó kọ́kọ́ ń mu ẹ̀kọ kí ó tó jẹ iyán. Ẹ tẹ «Options avancées». Ẹ tẹ «Dépannage». Nínú àwọn kan, «Résolution des problèmes» ni wọ́n kọ. Ẹ tún tẹ «Options avancées», kí ẹ tẹ «Paramètres», kí ẹ wá tẹ «Redémarrer». Bí ìlà onínọ́ńbà bá jáde, ẹ tẹ 4.

6. Bí ó bá dìde, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn ìwé yín kọ sínú clé USB. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wá ohun tí ó bàjẹ́.

7. Bí kò bá dìde, ẹ padà sí «Options avancées». Ẹ ó rí «Désinstaller des mises à jour», tí ń yọ àtúnṣe tuntun tí ó dé gbẹ̀yìn kúrò. Ẹ ó rí «Restauration du système», tí ń dá ètò kọ̀ǹpútà padà sí bí ó ti wà ní ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ yá. Kò ní pa ìwé yín rẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà kò bá ti fi àmì ọjọ́ náà pamọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà á béèrè nọ́ńbà gígùn kan tí ó jẹ́ dígíìtì 48. Kọ́kọ́rọ́ àká ni nọ́ńbà yìí. Bí kò bá sí i, a kò lè ṣí ìwé inú àká náà. Ẹ sọ fún ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà pé kí ó wá a nísinsìnyí tí ara ẹ̀rọ yá, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

ẸNI TÍ Ó FẸ́ JÓ ÌSỌ̀ NÍTORÍ ILẸ̀KÙN

Oníṣẹ́ dáadáa pọ̀ ní ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìkánjú ń dà láàmú. Bí ẹ bá ti gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ báyìí, wọ́n á sọ pé, “A ó formater rẹ̀.” Ẹ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n á nu àká náà mọ́ tónítóní, wọ́n á sì fi Windows tuntun sí i. Kọ̀ǹpútà á jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé yín á ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ kán sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wá dáná sun ìsọ̀.

Bákan náà, bí ẹ bá rí «Réinitialiser ce PC», ẹ ṣọ́ra. Ìlà méjì ni yóò jáde. «Conserver mes fichiers» ń tọ́jú ìwé yín, ṣùgbọ́n ó ń yọ àwọn ètò tí ẹ fi sí i. «Supprimer tout» ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ẹ ó sọ fún oníṣẹ́ ni èyí: “Ẹ kọ́kọ́ yọ ìwé mi síta. Ẹ fi hàn mí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún ẹ̀rọ ṣe.” Ó ṣeé ṣe. Oníṣẹ́ lè tú dísíìkì kúrò lára kọ̀ǹpútà tí kò jí, kí ó fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ yá, kí ó sì da ìwé náà kọ. Ẹ bá a ná owó iṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pààrọ̀ dísíìkì, ẹ gba èyí tí ó gbó padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ yín wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe. Kọ̀ǹpútà kọ̀, kò jí ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan nínú ọjà. Ó ní òun ó nu gbogbo rẹ̀, pé kí oòrùn tó wọ̀ yóò ti jí. Ìyá ní rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwé lákọ̀ọ́kọ́.” Ó fa àpótí kan, ó jókòó. Oníṣẹ́ tú dísíìkì, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Orúkọ àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tí oníkálùkù dá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìyá kò dìde títí ewé ìkẹyìn fi bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ó délé, ó wá ìwé àjákọ tí ó ti pa tì láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé. Ó bu omi pa eruku ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Ojú kan kì í ṣe ibi tí a ń kó gbogbo irúgbìn sí. Ẹ jẹ́ kí ìwé ẹgbẹ́ wà ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú clé USB tí ó wà lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan tí a fi bírò kọ.

Ẹ má ṣe fa okùn iná yọ láti fi pa kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ «Arrêter», kí ẹ dúró kí ó sùn fúnra rẹ̀. Bí agbára bá wà, kí onísọ̀ ra onduleur, àpótí oníbátìrì tí ń gbé kọ̀ǹpútà ró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, kí ó lè pa á bí ó ti yẹ. Ní àkókò ọyẹ́, kí ó máa fi aṣọ bò ó bí iṣẹ́ bá parí, kí ó sì máa gbọn eruku ara rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kọ̀ǹpútà tí kò jí àti ìwé tí ó sọnù?
2. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún oníṣẹ́?
3. Níbo ni ìwé owó ẹgbẹ́ yín wà lónìí? Ọ̀nà mélòó ni ó wà?

Ẹ jíròrò ìbéèrè kẹta yìí ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí iná tó lọ.